Bàlúùnù olóògùn àbí sítẹ́ǹtì: èwo ló yẹ iṣan ọkàn tó ti ń dí?

Ẹ jẹ́ ká ní ẹ ti wà lórí tábìlì, wọ́n ti ki wáyà tín-ín-rín gba ọrùn ọwọ́ yín dé ọkàn, ojú yín là kedere torí wọn ò fún yín lábẹ́rẹ́ oorun, dókítà wá ń tọ́ka sójú ẹ̀rọ pé ẹ wo ibí yìí, ibí yìí ló ti fún pa, ṣé ká gbé sítẹ́ǹtì sí i ni àbí ká fi bàlúùnù olóògùn ṣe é? Ta ló lè ronú dáadáa níbẹ̀ yẹn? Ọ̀pọ̀ èèyàn á kàn ní "dókítà, èyí tẹ́ ẹ bá ti rí pé ó dáa ni kẹ́ ẹ ṣe". Kò burú o, ṣùgbọ́n béèyàn bá ń sunkún ó yẹ kó ṣì máa ríran. Ìdí tí mo fi kọ èyí nìyẹn, kẹ́ ẹ lè kà á nísinsìnyí tára ṣì balẹ̀, kẹ́ ẹ sì mọ ohun tẹ́ ẹ máa bi wọ́n kí wọ́n tó gbé yín wọ yàrá yẹn.

Sítẹ́ǹtì ni àwọ̀n irin kékeré tí wọ́n máa ń fi sílẹ̀ sínú iṣan kó má bàa fún padà. Bàlúùnù olóògùn ní tiẹ̀, bàlúùnù tí wọ́n fi oògùn ra lára ni, wọ́n á fẹ́ ẹ níbi tó fún, wọ́n á sì fà á jáde. Kí n tètè sọ ibi tí mo dúró sí. Bàlúùnù olóògùn dáa, ó tiẹ̀ dáa gan-an láwọn ibì kan, àmọ́ àwọn tó ń pariwo pé òun ló máa gba iṣẹ́ lọ́wọ́ sítẹ́ǹtì pátápátá, eré wọn ti yá jù. Ìka ò dọ́gba, iṣan ọkàn náà ò sì dọ́gba.

Ohun tí mo fi ń wọ̀n wọ́n

Àkọ́kọ́ ni pé ṣé ibi tí wọ́n bá ṣí yẹn á ṣí pẹ́? Iṣan tó ń gbẹ́jẹ̀ fún ọkàn kì í ṣe páìpù lásán, ẹran ara tó wà láàyè ni, ó ń fẹ̀, ó ń sún kì, tẹ́ ẹ bá sì ṣe é léṣe á fẹ́ wo ara rẹ̀ sàn. Tí wọ́n bá fi tipátipá fẹ̀ ẹ́, nǹkan mẹ́ta ló lè ṣẹlẹ̀: ó lè sún padà lójú ẹsẹ̀ bíi rọ́bà, awọ inú rẹ̀ lè ya kó já bọ́ sílẹ̀ kó dí ọ̀nà, tàbí kó jẹ́ pé láàárín oṣù mélòó kan ẹran tuntun á hù sójú ọgbẹ́ náà bí àpá tó wú, ibẹ̀ á tún fún padà. Ẹ fi nǹkan mẹ́ta yìí sọ́kàn torí gbogbo ohun èlò tí mo máa dárúkọ nísàlẹ̀, wọ́n kàn ń bá ọ̀kan tàbí méjì nínú wọn jà ni.

Ìkejì, kí ni wọ́n máa fi sílẹ̀ sínú yín? Ìkẹta, oṣù mélòó lẹ máa fi lo oògùn méjì pọ̀ tí kì í jẹ́ kẹ́jẹ̀ dì, ìyẹn aspirin àti clopidogrel tàbí ẹgbẹ́ rẹ̀. Èyí lè dà bí ohun kékeré lójú ẹni tí ara rẹ̀ le, àmọ́ ẹ bi ẹni tó ní ọgbẹ́ inú, tàbí àgbàlagbà tó máa ń ṣubú, tàbí ẹni tí wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ míì fún lóṣù méjì sí i, wọ́n á sọ fún yín pé oṣù kan yàtọ̀ sí oṣù mẹ́fà. Ìkẹrin ni bí iṣan náà ṣe tóbi tó àti ibi tó ti dí. Owó wà ńbẹ̀ náà, ọwọ́ ẹni tó máa ṣe é sì wà ńbẹ̀, èmi ò sì rò pé owó ló yẹ kó ṣáájú nínú méjèèjì yẹn.

Bàlúùnù lásán

Ọjọ́ 16 oṣù kẹsàn-án ọdún 1977 ni dókítà kan tó ń jẹ́ Andreas Grüntzig kọ́kọ́ ki bàlúùnù bọ inú iṣan ọkàn ẹni tó lajú sílẹ̀, nílùú Zurich ní Switzerland. Ṣáájú ìgbà yẹn, ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n ṣí ọ̀nà fẹ́jẹ̀ nínú ọkàn òun, àyà ni wọ́n máa là. Torí náà iṣẹ́ ńlá ni bàlúùnù ṣe. Wọ́n á gbé e dé ibi tó fún, wọ́n á fẹ́ ẹ, á tẹ ọ̀rá tó ti di pàǹtí yẹn mọ́ ara ògiri iṣan, wọ́n á fà á jáde, ó parí.

Wàhálà rẹ̀ ni pé kò sí ohun tó ń bá nǹkan mẹ́ta tí mo kà sókè yẹn jà. Nínú èèyàn mẹ́wàá, ó máa ń tó mẹ́ta sí márùn-ún tí ibẹ̀ tún máa fún pa láàárín oṣù mẹ́fà. Àwọn míì ò tiẹ̀ tíì kúrò lọ́sibítù tó fi dí pa, wọ́n á sì gbé wọn sáré lọ fún iṣẹ́ abẹ. Lónìí, ìránṣẹ́ ni bàlúùnù lásán, òun ni wọ́n fi ń tún ọ̀nà ṣe kí ọ̀gá tó wọlé. Owó rẹ̀ ló kéré jù, òótọ́ ni, àmọ́ ẹni tó bá torí ẹ̀ mú un lè sanwó lẹ́ẹ̀mejì.

Sítẹ́ǹtì tí kò lóògùn lára

Mi ò ní pẹ́ níbí. Ọdún 1986 ni dókítà méjì, Jacques Puel ní Toulouse nílẹ̀ Faransé àti Ulrich Sigwart ní Lausanne ní Switzerland, bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àwọ̀n irin kékeré sínú iṣan ọkàn èèyàn. Irin yẹn di ògiri mú, kò jẹ́ kó sún padà, ó sì lẹ awọ tó ya mọ́bẹ̀. Ó ti bá ìṣòro méjì jà nìyẹn. Ìkẹta ló borí ẹ̀: ẹran ṣì ń hù gba àárín àwọ̀n náà kọjá, nínú èèyàn mẹ́wàá ó máa ń tó méjì sí mẹ́ta. Tí wọ́n bá fẹ́ gbé irú èyí sínú yín lónìí tí olóògùn sì wà nílẹ̀, ẹ béèrè ìdí dáadáa.

Sítẹ́ǹtì olóògùn

Ọ̀gá ọjà nìyí, òun sì ni gbogbo èyí tó kù gbọ́dọ̀ bá dúpò. Àwọ̀n irin náà ni, àmọ́ wọ́n ti fi oògùn ra á lára, oògùn tó ń sọ fún ẹran tuntun pé kó má hù. Ọdún 1999 ni wọ́n kọ́kọ́ gbé e sínú èèyàn ní Brazil, nígbà tó di 2003 ìjọba Amẹ́ríkà ti fọwọ́ sí i. Oògùn tó wà lára àkọ́kọ́ yẹn, sirolimus, inú iyẹ̀pẹ̀ erékùṣù Rapa Nui, tó wà láàárín òkun Pàsífíìkì, ni wọ́n ti rí kòkòrò tín-tìn-tín tó ń ṣe é. Ìgbàkígbà tí mo bá rántí, ẹ̀rín máa ń pa mí, pé iyẹ̀pẹ̀ lásánlàsàn tí wọ́n wà lọ́nà jíjìn ló ń ṣọ́ ọkàn àìmọye èèyàn káàkiri ayé báyìí.

Ohun tó dáa nínú ẹ̀ pọ̀. Ó ń bá nǹkan mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jà lẹ́ẹ̀kan náà. Ó wúlò nínú iṣan ńlá, ó wúlò fún ẹni tí ìkọlù ọkàn ṣẹ̀ṣẹ̀ mú tí wọ́n gbé dé ní òru tí kò sáyè àròjinlẹ̀, ó wúlò níbi tí awọ iṣan ti ya yánna-yànna. Dókítà tó bá ń ṣiṣẹ́ yìí, ó ti gbé e sínú èèyàn láìmọye ìgbà, ọwọ́ wọn ti mọ́ ọn. Èyí tó wà lọ́jà lóde òní sì ti fẹ́lẹ́ gan-an sí ti ayé àtijọ́, irin rẹ̀ ò nípọn tó ìdá kan nínú mẹ́wàá mìlímítà.

Àbùkù ẹ̀ ńkọ́? Ibẹ̀ ló máa wà títí. Iṣan tó yẹ kó máa fẹ̀ kó máa sún, ẹ ti fi irin dì í mú. Ní nǹkan bí ọdún 2006 ẹ̀rù ba gbogbo èèyàn nígbà tí wọ́n rí i pé àwọn sítẹ́ǹtì olóògùn àkọ́kọ́ yẹn, ẹ̀jẹ̀ lè dì lójijì sínú wọn lẹ́yìn ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn tó jáde lẹ́yìn wọn dáa ju ìyẹn lọ dáadáa, àmọ́ ọ̀rọ̀ ọ̀hún ò tán tán. Lẹ́yìn ọdún àkọ́kọ́, nǹkan bí èèyàn méjì nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dọọdún ló ṣì máa ń ní wàhálà tó ti ara sítẹ́ǹtì wá, ì báà jẹ́ oríṣi èyíkéyìí, ó sì ń bá a lọ bẹ́ẹ̀ láìdáwọ́ dúró. Fún ẹni ọdún 80, ó lè má jọ ọ́ lójú. Ṣùgbọ́n ẹni ọdún 45 tó ní ọgbọ̀n ọdún tó fẹ́ lò sí i, ẹ fi méjì-méjì yẹn ṣírò kẹ́ ẹ wò ó.

Oògùn méjì yẹn wà ńbẹ̀ náà. Ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í ṣe ti kánjúkánjú, oṣù mẹ́fà ni wọ́n sábà máa ń ní kó fi lò ó, ẹni tí ìkọlù ọkàn mú, ọdún kan. Wọ́n ti ń gé e kúrú fún àwọn tó tètè máa ń ṣẹ̀jẹ̀, wọ́n lè gé e sí oṣù mẹ́ta tàbí oṣù kan pàápàá, torí náà ẹni tó bá sọ fún yín pé sítẹ́ǹtì túmọ̀ sí ọdún kan gbáko fún gbogbo èèyàn, ìròyìn ọjọ́ pípẹ́ ló ń sọ.

Àwọn kan ti gbìyànjú àtiṣe sítẹ́ǹtì tó máa yọ́ fúnra ẹ̀ kó má fi nǹkan sílẹ̀. Èyí tó lókìkí jù nínú wọn, Absorb, ní 2017 ni ilé iṣẹ́ tó ń ṣe é dá títà rẹ̀ dúró, torí ẹ̀jẹ̀ ń dì sínú ẹ̀ ju ti onírin lọ. Torí náà "kò ní fi nǹkan sílẹ̀" dùn lẹ́nu, àmọ́ àdídùn ẹnu nìkan ò lè ṣí iṣan sílẹ̀.

Bàlúùnù olóògùn

Èyí ló gbé wa dé, ẹ jẹ́ ká jókòó tì í.

Èrò tó wà nídìí ẹ̀ rọrùn: ká ní oògùn ló ń dá ẹran dúró, kí la wá ń gbé irin sílẹ̀ fún, ṣé a ò lè fi oògùn nìkan sílẹ̀ ká kó ẹrù wa jáde? Wọ́n mú bàlúùnù, wọ́n fi paclitaxel ra á lára, oògùn jẹjẹrẹ ni tẹ́lẹ̀, èèpo igi ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i. Wọ́n pò ó mọ́ èròjà míì tó máa jẹ́ kó lẹ̀ mọ́ iṣan kíákíá. Tí bàlúùnù bá ti dé ojú ibẹ̀, wọ́n á fẹ́ ẹ fún bí ìṣẹ́jú àáyá 30 sí 60, oògùn á wọnú ògiri iṣan, wọ́n á fà á jáde. Oògùn á wá jókòó síbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan máa ṣiṣẹ́, láàárín àsìkò tí ẹran ọ̀hún ìbá ti hù.

Ní Jámánì ni dókítà Bruno Scheller àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti kọ́kọ́ fi hàn nínú èèyàn, wọ́n gbé àbájáde ẹ̀ jáde ní 2006. Èèyàn 52 péré ni, gbogbo wọn ló jẹ́ pé sítẹ́ǹtì tó wà nínú wọn tẹ́lẹ̀ ló ti dí. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, àwọn tí wọ́n fi bàlúùnù lásán ṣe fún, ibẹ̀ tún ti dí lára 10 nínú 23 tí wọ́n padà yẹ̀ wò. Àwọn tí wọ́n fi olóògùn ṣe fún ńkọ́? Ẹnì kan nínú 22. Ẹ ò rí i pé ìyàtọ̀ yẹn ò nílò kí wọ́n ṣàlàyé fúnni.

Láti ìgbà yẹn, sítẹ́ǹtì tó dí ni ilé bàlúùnù olóògùn. Ìlànà àwọn dókítà ọkàn ilẹ̀ Yúróòpù ti ọdún 2018 kà á mọ́ ohun tí wọ́n dámọ̀ràn jù fún un, òun àti sítẹ́ǹtì olóògùn tuntun. Amẹ́ríkà pẹ́ kó tó gbà, oṣù kẹta 2024 ni wọ́n tó fọwọ́ sí èyí àkọ́kọ́ fún iṣan ọkàn, Agent lorúkọ ẹ̀, sítẹ́ǹtì tó dí yìí náà sì ni wọ́n fọwọ́ sí i fún. Ìwádìí tí wọ́n gbé lé lórí, èèyàn 600 ló wà ńbẹ̀: lẹ́yìn ọdún kan, 17.9 nínú ọgọ́rùn-ún lára àwọn tó gba olóògùn ló ní wàhálà níbẹ̀, ti àwọn tó gba bàlúùnù lásán jẹ́ 28.6. Ẹ ṣàkíyèsí pé 17.9 kì í ṣe òdo o. Sítẹ́ǹtì tó bá ti dí lẹ́ẹ̀kan, alágídí ni.

Tí wọ́n bá wá fi wé kí wọ́n tún gbé sítẹ́ǹtì olóògùn míì sínú àkọ́kọ́, sítẹ́ǹtì kejì yẹn fi díẹ̀ ṣáájú tó bá dọ̀rọ̀ pé kí wọ́n má tún padà síbẹ̀, pàápàá tó bá jẹ́ pé olóògùn ni èyí tó dí tẹ́lẹ̀. Àmọ́ ẹ fojú inú wo irin lórí irin nínú ihò tí kò ju ìdí pẹ́ńsùlù lọ, tíyẹn bá tún wá dí ńkọ́, ṣé ẹ̀kẹta ni wọ́n máa kì bọ̀ ọ́? Fún ìdí yìí nìkan, mo fara mọ́ kí wọ́n kọ́kọ́ fi bàlúùnù olóògùn gbìyànjú, àgàgà tí sítẹ́ǹtì méjì bá ti wà ńbẹ̀.

Ibi kejì tó ti ń tàn ni iṣan kékeré, èyí tí kò tó mìlímítà mẹ́ta ní fífẹ̀. Ìwádìí kan tí wọ́n ń pè ní BASKET-SMALL 2, tó jáde ní 2018, kó èèyàn 758 jọ ní Switzerland, Jámánì àti Austria, wọ́n fi bàlúùnù olóògùn wé sítẹ́ǹtì olóògùn. Lẹ́yìn ọdún kan 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún ló ní wàhálà ńlá lápá kan, 7.3 lápá kejì, nígbà tó fi máa pé ọdún mẹ́ta, nǹkan bí 15 ni lápá méjèèjì. Ọ̀mì ni. Bó bá wá jẹ́ ọ̀mì, tí ọ̀kan ò sì fi irin sílẹ̀, kí lèèyàn tún ń wò? Ẹ dúró díẹ̀ ná, nǹkan kan wà tí àwọn olùtajà kì í fẹ́ sọ: gbogbo èèyàn tí wọ́n kà sínú ìwádìí yẹn, wọ́n ti kọ́kọ́ fi bàlúùnù lásán tún iṣan wọn ṣe, ó ti gbà dáadáa, kí wọ́n tó pín wọn. Ẹni tí iṣan rẹ̀ ya yánna-yànna ò dé ìdíje náà rárá.

Ìyẹn ló gbé wa dé ọ̀rọ̀ ọwọ́. Sítẹ́ǹtì máa ń bo àṣìṣe dókítà mọ́lẹ̀, bàlúùnù olóògùn kì í bo nǹkan kan. Kó tó wọlé, dókítà gbọ́dọ̀ ti fi bàlúùnù lásán ṣí ibẹ̀ dáadáa débi tí dídí tó kù ò fi ní ju ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, kẹ́jẹ̀ máa ṣàn geerege, kí awọ tó ya má sì jẹ́ irú èyí tó máa dènà ẹ̀jẹ̀. Yíya kékeré ò burú, ó tiẹ̀ ń jẹ́ kí oògùn wọlé. Yíya ńlá ni ti sítẹ́ǹtì. Ibi tí kálísíọ̀mù ti le bí òkúta, wọ́n lè ní láti lo bàlúùnù tó ní abẹ lára tàbí ẹ̀rọ tó ń fọ́ ọ kóògùn tó lè ráyè wọ̀, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ ẹ kàn ń fi ọ̀dà kun òkúta ni. Oògùn tó wà lára bàlúùnù náà sì ń bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀ látìgbà tó ti wọnú ara, dókítà tó bá ń fi í wá ọ̀nà kiri ti fi oògùn ṣòfò. Ẹ̀ẹ̀kan náà ni wọ́n sì ń fẹ́ ẹ fún oògùn, tó bá bọ́ síbi tí kò yẹ, òmíràn ni wọ́n máa já.

Iṣan ńlá wá ńkọ́, èyí tí kò tíì rí sítẹ́ǹtì rí? Ibí làwọn tó ń sáré yẹn ti ṣubú. Ní China wọ́n ṣe ìwádìí ńlá kan, REC-CAGEFREE I, èèyàn 2,272, ó jáde ní 2024. Lẹ́yìn ọdún méjì, 6.4 nínú ọgọ́rùn-ún lára àwọn tí wọ́n fi bàlúùnù olóògùn ṣe fún ni ọkàn pa, tàbí tí ìkọlù ọkàn mú láti ara iṣan yẹn, tàbí tí wọ́n tún ibẹ̀ ṣe. Ti sítẹ́ǹtì olóògùn jẹ́ 3.4. Inú iṣan ńlá ni àlàfo náà ti fẹ̀ jù, nínú kékeré wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Èmi ò mọ bí ẹnì kan á ṣe ka èyí tán tí á tún máa sọ pé kí gbogbo èèyàn kọ sítẹ́ǹtì.

Àǹfààní tó kù: ẹni tó bá tètè máa ń ṣẹ̀jẹ̀, oògùn méjì yẹn lè parí lóṣù kan, tí kò bá ṣáà ti jẹ́ pé ìkọlù ọkàn ló gbé e dé ọsibítù, torí ìkọlù ọkàn fúnra ẹ̀ ló ń bèèrè fún ọdún kan yẹn, bàlúùnù ò lè yọ ọ́ kúrò. Ní Finland wọ́n fi wé sítẹ́ǹtì tí kò lóògùn láàárín èèyàn 208 tí wọ́n lè tètè ṣẹ̀jẹ̀, lóṣù mẹ́sàn-án, ẹnì kan nínú ọgọ́rùn-ún ló ní wàhálà ńlá lápá bàlúùnù, 14 lápá kejì. Bẹ́ẹ̀ ni iṣan tí kò sí irin nínú ẹ̀ ṣì lè fẹ̀ sí i bóṣù ṣe ń gorí oṣù, tó bá sì di pé wọ́n fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ lọ́jọ́ iwájú, àyè ṣì wà láti rán iṣan míì mọ́ ọn.

Ẹ lè ti gbọ́ pé paclitaxel ń pa èèyàn. Látinú ọ̀rọ̀ iṣan ẹsẹ̀ ló ti wá: ní 2018 àwọn kan kó ìwádìí jọ, wọ́n ní ó jọ pé àwọn tó gba olóògùn lẹ́sẹ̀ ń kú ju àwọn yòókù lọ, Amẹ́ríkà sì kìlọ̀ ní 2019. Wọ́n wá tún un yẹ̀ wò pẹ̀lú ìsọfúnni tó pọ̀ sí i, ní 2023 wọ́n ní ohun tó wà nílẹ̀ ò ti ìyẹn lẹ́yìn mọ́. Ẹ̀rù yẹn ò sí lọ́kàn tèmi, àmọ́ tó bá wà lọ́kàn yín ẹ bi dókítà yín. Bàlúùnù tó ní sirolimus náà ti wà, ẹ má sì gbà kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé gbogbo bàlúùnù olóògùn ọ̀kan náà ni. Oògùn yàtọ̀, ohun tí wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ yàtọ̀, ẹ̀rí tó wà lẹ́yìn ọ̀kan ò sí lẹ́yìn èkejì.

Owó rẹ̀ kì í sábà kéré sí ti sítẹ́ǹtì, tẹ́ ẹ bá sì ro bàlúùnù tí wọ́n kọ́kọ́ fi tún ọ̀nà ṣe mọ́ ọn, pẹ̀lú sítẹ́ǹtì tí wọ́n máa gbé síbẹ̀ tí iṣan bá ya, ó lè jù ú lọ. Ẹ ní kí wọ́n ṣírò méjèèjì fún yín, èyí tó bá lọ dáadáa àti èyí tó bá yíwọ́.

Iṣẹ́ abẹ àyà lílà

Wọ́n á mú iṣan láti inú àyà tàbí ẹsẹ̀, wọ́n á fi la ọ̀nà míì yí ibi tó dí ká. Ó le, ó ń dunni, èèyàn á dùbúlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Síbẹ̀ ẹni tó ní àtọ̀gbẹ tí iṣan ńlá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó ń gbẹ́jẹ̀ fún ọkàn rẹ̀ sì ti dí, kò yẹ kó máa bá ẹnikẹ́ni jiyàn bàlúùnù àbí sítẹ́ǹtì rárá. Ìwádìí FREEDOM ti 2012 kó 1,900 irú wọn jọ: lẹ́yìn ọdún márùn-ún, ikú, ìkọlù ọkàn àti rọpárọsẹ̀ lápapọ̀ jẹ́ 18.7 nínú ọgọ́rùn-ún fún àwọn tí wọ́n là láyà, 26.6 fún àwọn tó gba sítẹ́ǹtì olóògùn. Rọpárọsẹ̀ nìkan ló pọ̀ díẹ̀ lápá iṣẹ́ abẹ.

Oògùn lásán, láìki nǹkan kan bọ inú iṣan

Àwọn èèyàn kì í ka èyí mọ́ ohun tí wọ́n lè yàn, ó sì yẹ kí wọ́n máa kà á. Tí àyà bá ń dùn yín tẹ́ ẹ bá ń gun òkè nìkan, tó sì ti pẹ́ tó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ láìpọ̀ sí i, ìwádìí ISCHEMIA tó kó èèyàn 5,179 jọ fi hàn pé sísáré ṣí iṣan ò dín ikú kù ju kéèyàn fi oògùn tọ́jú ara ẹ̀ dáadáa lọ. Ó ń dín àyà dídùn kù, ìyẹn wà ńbẹ̀. Èyí ò kan ẹni tí ìkọlù ọkàn ń mú lọ́wọ́ o, ìyẹn ò ní àkókò láti yan nǹkan kan, àfi kó máa sáré lọ sọ́sibítù. Kò sì kan ẹni tó jẹ́ pé ìdí iṣan apá òsì gan-an ló dí.

Ta ló yẹ kó mú èwo

Tí sítẹ́ǹtì yín bá ti dí, ẹ jẹ́ kí bàlúùnù olóògùn jẹ́ ohun àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ máa béèrè. Tí ọsibítù yẹn ò bá ní in, ẹ béèrè ibi tó wà.

Tó bá jẹ́ iṣan kékeré, tàbí ẹ̀ka tó yà lára iṣan ńlá, tí bàlúùnù lásán sì ti ṣí i dáadáa, bàlúùnù olóògùn ló wù mí jù. Bẹ́ẹ̀ náà ni fún ẹni tó ń ṣẹ̀jẹ̀, ẹni tó ní iṣẹ́ abẹ míì níwájú, àti ẹni tó ń lo oògùn míì tí kì í jẹ́ kẹ́jẹ̀ dì tẹ́lẹ̀ nítorí pé ọkàn rẹ̀ ń lù ségesège. Fún àwọn wọ̀nyí, oṣù tí wọ́n bá yọ kúrò lára oògùn méjì yẹn lè jẹ́ òun ló gbà wọ́n.

Iṣan ńlá tí kò tíì ní nǹkan nínú, ẹ gba sítẹ́ǹtì olóògùn. Ẹni tí ìkọlù ọkàn gbé dé, sítẹ́ǹtì olóògùn. Ibi tí awọ iṣan ti ya kọjá ààlà, sítẹ́ǹtì, kí ẹnikẹ́ni má sì jẹ́ kí ojú ti òun pé òun ti pinnu bàlúùnù tẹ́lẹ̀. Tí dókítà yín bá sì sọ pé òun ò fi bẹ́ẹ̀ lo bàlúùnù olóògùn rí, sítẹ́ǹtì tó mọwọ́ rẹ̀ dáadáa sàn fún yín ju bàlúùnù tó fẹ́ fi yín kọ́ṣẹ́ lọ.

Ẹni ọdún 40 sí 55 tí iṣan ńlá rẹ̀ dí ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń fún mi ní ìrònú. Mo mọ̀ pé REC-CAGEFREE I ti sọ tiẹ̀, mo sì tún mọ méjì-méjì lọ́dọọdún yẹn. Fún ọdún méjì àkọ́kọ́ sítẹ́ǹtì ló borí, torí náà sítẹ́ǹtì ni màá ṣì mú, àmọ́ màá ní kó má gùn ju bó ṣe yẹ lọ. Tí dídí náà bá gùn, kí wọ́n fi sítẹ́ǹtì kúkúrú sí ojú ibi tó burú jù, kí wọ́n fi bàlúùnù olóògùn ṣe ìyókù. Àwọn dókítà kan ti ń pa méjèèjì pọ̀ báyìí, ó sì bọ́gbọ́n mu lójú tèmi.

Kẹ́ ẹ tó fọwọ́ síwèé, ẹ rí i dájú pé ìwé náà gba bàlúùnù àti sítẹ́ǹtì pọ̀, kó má di pé iṣan ya tán kí wọ́n tó máa wá yín lójú bóyá ẹ gbà. Tí wọ́n bá sì ti ṣe é tán, ẹ gba ìwé tó kọ orúkọ bàlúùnù, oògùn tó wà lára ẹ̀, bó ṣe gùn tó àti ojú ibi tí wọ́n ti fẹ́ ẹ. Sítẹ́ǹtì máa ń hàn tí wọ́n bá ya fọ́tò iṣan yín lọ́dún mẹ́wàá òní, bàlúùnù kì í hàn, dókítà tó máa rí yín lọ́jọ́ yẹn ò ní mọ̀ pé ẹnikẹ́ni débẹ̀ rí àfi tẹ́ ẹ bá mú ìwé dání.